James Ferguson: Gómìnà Texas tí wọ́n yọ nípò, tó gba ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ wọlé padà

Tí wọ́n bá ti ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fẹ́ yọ gómìnà kan nípò lórí ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé òṣèlú ti parí fún ẹni náà nìyẹn. Ìtàn James Edward Ferguson, tí àwọn ará ìlú rẹ̀ wá ń pè ní Pa Ferguson, fi hàn pé kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí, òun nìkan ni gómìnà tí àwọn aṣòfin tíì dá lẹ́bi, tí wọ́n sì lé kúrò lórí àlééfà. Ọdún 1917 ni. Àmọ́ Texas kò gbọ́ orúkọ ẹ̀ tán lọ́dún náà.

Ọmọ òrukàn tó di oní-báǹkì

Ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1871 ni wọ́n bí Ferguson nítòsí ìlú Salado, ní agbègbè Bell County. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀, ó sì tún ní ẹ̀rọ tó fi ń lọ ọkà fún àwọn èèyàn. Ọmọ ọdún mẹ́rin péré ni ọmọkùnrin náà nígbà tí bàbá kú. Wọ́n rán an níléèwé, wọ́n lé e nítorí àìgbọràn. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó filé sílẹ̀, ó forí lé apá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ó ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ agbára kiri.

Nígbà tó padà wálé, ó kọ́ nípa òfin, ó sì di agbẹjọ́rò lọ́dún 1897. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1899, ó gbé Miriam Amanda Wallace níyàwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ ìyàwó yìí, a ṣì ń padà bọ̀ sórí ẹ̀. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí. Ferguson kó lọ sí ìlú Temple, ó sì wà lára àwọn tó dá báǹkì kan sílẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn Temple State Bank. Báǹkì yẹn náà ṣì máa padà wọnú ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ló gbé e dépò

Kò dé ipò òṣèlú kankan rí kó tó jáde fún gómìnà lọ́dún 1914. Ohun tó gbé e wọlé ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ tiwọn. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Texas ló ń dáko sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ìdá mẹ́ta ọkà ni onílẹ̀ máa ń mú ọ̀kan níbẹ̀, ìdá mẹ́rin òwú, ó mú ọ̀kan. Àmọ́ àwọn onílẹ̀ kan ti ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ferguson ṣèlérí pé òun á fi òfin dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Àwọn àgbẹ̀ tú yáyá dìbò fún un.

Tó bá wọlé tán, ó ṣiṣẹ́ o. Òfin ìṣákọ́lẹ̀ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòtù padà fagi lé e. Owó ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dé àwọn iléèwé ìgbèríko, ọdún 1915 sì ni Texas ṣòfin pé dandan ni kí ọmọdé lọ síléèwé. Lọ́dún 1916, wọ́n tún dìbò yàn án lẹ́ẹ̀kejì.

Ìjà pẹ̀lú Yunifásítì

Ferguson ní kí àwọn aláṣẹ Yunifásítì Texas, tó wà ní ìlú Austin, lé àwọn olùkọ́ kan tí inú rẹ̀ kò dùn sí. Wọ́n kọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 1917, ó fi kálàmù wọ́gi lé owó tí àwọn aṣòfin yà sọ́tọ̀ fún yunifásítì náà, díẹ̀ báyìí ló kù tí kò fagi lé. Ìyẹn ló ta igi sí ilé agbọ́n. Àwọn tó jáde níléèwé yẹn ló kún ilé aṣòfin, kóòtù àti iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn.

Nínú oṣù keje, ìgbìmọ̀ aráàlú tó máa ń yẹ ẹ̀sùn wò kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́ ní Travis County fi ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn mẹ́sàn-án kàn án. Púpọ̀ nínú ẹ̀sùn náà dá lórí owó ìjọba tí wọ́n ní ó ná síbi tí kò yẹ. Ó gba bẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú $13,000. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, òfin kò gbà kí wọ́n wọ́ gómìnà lọ sí kóòtù nígbà tó bá ṣì wà lórí oyè. Ní Texas, ti Ferguson kò rí bẹ́ẹ̀. Kàkà kí ara ẹ̀ balẹ̀, ńṣe ló kéde pé òun tún ń jáde dupò lẹ́ẹ̀kẹta.

Bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ ẹ̀

Olórí ilé aṣojú pe àwọn aṣòfin jọ fún ìpàdé pàtàkì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gómìnà nìkan ni òfin fún láṣẹ láti pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni Ferguson ti ṣe àṣìṣe: òun fúnra ẹ̀ tún pe ìpàdé, pé kí wọ́n wá gbé owó yunifásítì yẹ̀ wò. Báyìí ló fọwọ́ ara ẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó fẹ́ lé e.

Ìlànà wọn ni pé ilé aṣojú ló máa ń fi ẹ̀sùn kan èèyàn, ilé aṣòfin àgbà ló máa jókòó bíi kóòtù. Ẹ̀sùn 21 ni ilé aṣojú kà sí i lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n sì dá a lẹ́bi lórí mẹ́wàá. Márùn-ún dá lórí owó ìjọba, mẹ́ta lórí ìjà òun àti yunifásítì, ọ̀kan lórí òfin báǹkì. Wọ́n ní ó ń kó owó ìpínlẹ̀ sí Temple State Bank tí òun fúnra ẹ̀ ní ìpín níbẹ̀.

Ẹ̀sùn tó kù ló gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn jù. Ẹnì kan tàbí àwọn kan ti yá Ferguson ní $156,500, owó sán-ńdá sán-ńdá, kì í ṣe sọ̀wédowó. Wọ́n bi í léèrè ẹni tó fún un lówó, ó kọ̀ jálẹ̀, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tó fara hàn lẹ́yìn náà tọ́ka sí àwọn iléeṣẹ́ tó ń pọn ọtí bíà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ferguson ta ko àwọn tó fẹ́ ka ọtí léèwọ̀ ní Texas.

Nígbà tí wọ́n dìbò pé kó kúrò, kó má sì dé ipò kankan mọ́ ní Texas, èèyàn 25 fara mọ́ ọn, mẹ́ta péré ló kọ̀ ọ́. Ferguson sáré kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú kí wọ́n tó kéde ìdájọ́, ó ní ìdájọ́ náà kò lè mú òun mọ́. Igbákejì rẹ̀, William Hobby, bọ́ sórí àga.

Mama wọlé, Pa jókòó tì í

Lọ́dún 1918, Ferguson tún gbéra, ó fẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ Democrat lọ́wọ́ Hobby. Ó fìdí rẹmi. Ohun tó ya ni lẹ́nu ni pé ọdún yẹn gan-an ni àwọn obìnrin Texas kọ́kọ́ dìbò abẹ́lé, Ferguson sì ti bá wọn jà gan-an pé obìnrin kò gbọ́dọ̀ dìbò. Ó dupò ààrẹ lọ́dún 1920, ó dupò sẹ́nétọ̀ lọ́dún 1922, kò wọlé.

Lọ́dún 1924, kóòtù ní orúkọ ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé ìdìbò gómìnà. Ló bá fa ìyàwó ẹ̀ kalẹ̀. Miriam, tí gbogbo èèyàn wá ń pè ní Ma Ferguson, lọ káàkiri, ó ń sọ fún aráàlú pé tí wọ́n bá dìbò fún òun, gómìnà méjì ni wọ́n máa rí gbà. Ó na ẹni tí ẹgbẹ́ Ku Klux Klan tì lẹ́yìn, ìyẹn ẹgbẹ́ abojúbò tó ń dúnkookò mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo ará Texas ló dìbò náà: òfin ọdún 1923 ti dí aláwọ̀ dúdú lọ́nà nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat.

Ní oṣù kìíní ọdún 1925, Miriam di obìnrin kejì tó jẹ gómìnà ní Amẹ́ríkà. Ọkọ tó ní obìnrin kò gbọ́dọ̀ dìbò, ẹ̀yìn obìnrin ló wá gbà wọlé. Ó ń bá ìyàwó ẹ̀ jókòó ní ọ́fíìsì, ó ń dá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba. Kò pẹ́ tí àríwísí tún fi bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí Ma ń dárí jì pọ̀ jù, wọ́n tún ní kọngílá ọ̀nà ń lọ sọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Dan Moody, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, fi ọ̀rọ̀ kọngílá yìí gbọ̀n wọ́n yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ó sì na Ma nínú ìdìbò ọdún 1926. Ma tún padà wọlé lọ́dún 1932. Ferguson fúnra ẹ̀ kò dé ipò kankan mọ́ títí tó fi kú ní ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1944, ní Austin.

Èwo ló mú un ṣubú?

Títí dòní, ẹnu kò kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní owó ló bá a wí. Àwọn kan ní ká ní kò fọwọ́ kan yunifásítì ni, kò sẹ́ni tí ì bá wo ìwé owó ẹ̀. Àwọn yìí náà kò parọ́, torí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1917 kan náà, àwọn aṣòfin ti yẹ díẹ̀ lára ẹ̀sùn owó yìí wò, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ìjà yunifásítì ló sọ ohun tí wọ́n gbójú fò di ohun tí wọ́n torí ẹ̀ lé e.

Ìbéèrè méjì ló wà nínú irú ẹjọ́ báyìí. Ṣé lóòótọ́ ló ṣe é? Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí ni wọ́n ń bi í? Àwọn tó wà lẹ́yìn Ferguson gbá ìbéèrè kejì mú, wọ́n fi bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀, pé ọ̀tá ẹni ló gbé ìwé owó síta kò sọ pé ìròyìn tó wà nínú ìwé náà kì í ṣòótọ́. Àwọn aṣòfin Texas lè yọ orúkọ èèyàn kúrò lórí ìwé ìdìbò, ọwọ́ wọn kò ká ohun tó wà lọ́kàn olùdìbò. Ìyẹn kù sọ́wọ́ àwa tá à ń dìbò.