Macaulay, Olùkọ́ Àkọ́kọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà

Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ọkọ Abigail ọmọ Àjàyí Crowther, ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa sílẹ̀ ní Èkó, ní oṣù kẹfà ọdún 1859. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó bí Herbert Macaulay. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni gbajúmọ̀ oníṣòwò, James Davies, ti fún un ní £50 láti fi ra ìwé àti ohun èlò. Ó darí ilé-ẹ̀kọ́ náà títí ó fi jáde láyé ní 1878.

Ẹ̀yin ará wa ní ìdálẹ̀, ẹ kíyè sí i: owó ìwé ti wà nílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó jókòó. Ọmọ tí kò ní ìwé lọ́wọ́, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n kà, kí ó tó mọ̀ ọ́n kọ?