Ìtàn Ayé Abebe Bikila, Asáré Ọmọ Etiópíà

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Tamale, inú wa máa ń dùn bí a bá rí àwọn ọmọ wa níbi eré ìje ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí tiwọn ni a ṣe mú ìtàn Abebe Bikila wá lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí àwọn àgbà náà kà á.

A bí i ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1932 ní abúlé Jato ní Etiópíà. Nígbà tó dàgbà, ó wọṣẹ́ ológun nínú ẹ̀ṣọ́ Ọba Haile Selassie. Níbẹ̀ ló ti bọ́ sọ́wọ́ Onni Niskanen, ará Súwídìn, àjòjì bíi tiwa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ onílẹ̀. Òun ló kọ́ Bikila ní eré ọ̀nà jíjìn ní Addis Ababa, ìlú orí òkè tó ga ju 2,300 mítà lọ. Ẹni bá ń dárúkọ Bikila, kó rántí olùkọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 1960, wọ́n sá eré kìlómítà 42 ti Òlíńpíìkì ní Róòmù. Bàtà tó wà nílẹ̀ kò bá ẹsẹ̀ Bikila mu. Àwa ọlọ́jà mọ̀ pé bàtà tó bá há, bí wọ́n tilẹ̀ fi tọrẹ, ìyà ni. Ẹsẹ̀ lásán ló fi sá a. Ilẹ̀ ti ṣú, àwọn sójà sì gbé ògùṣọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Òun àti Rhadi ará Mòrókò jọ ń bá a bọ̀ títí ó fi kù díẹ̀, kí Bikila tó já a sílẹ̀. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 16 ló fi dé. Kò sẹ́ni tó yá tó bẹ́ẹ̀ rí lágbàáyé. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfríkà tó gba góòlù Òlíńpíìkì, ní olú-ìlú àwọn Ítálì tó fi ogun gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní 1936!

Ní Tokyo ní 1964, kò ju oṣù kan àti díẹ̀ lọ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ikùn. Síbẹ̀, wákàtí 2, ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú àáyá 11 ló fi sá a, ó sì tún borí gbogbo ayé. Ó ti ń na ara lórí koríko kí ẹni kejì tó wọlé. Ní Mẹ́síkò ní 1968, ẹsẹ̀ dùn ún, ó dúró lọ́nà, Mamo Wolde ọmọ ìlú rẹ̀ ló gbà á.

Ní oṣù Kẹta 1969, ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé. Ẹsẹ̀ méjèèjì rọ, kò sì rìn mọ́.

Ọdún yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969 kan náà ni ìjọba Ghana fún àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn bàbá wa fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n di ẹrù sínú lọ́rì, ó di Ògbómọ̀ṣọ́, ó di Ìgbòho. Ohun tí wọ́n fi ogún ọdún kó jọ lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó padà wá lẹ́yìn náà, orí àtẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Bikila náà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní Ìlú Ọba, apá rẹ̀ sì padà lágbára. Lórí kẹ̀kẹ́ arọ ló ti kọ́ ọfà títa, ó sì fi díje níbẹ̀ ní 1970. Ní 1971, ó gba ipò kìíní ní Norway nínú ìdíje ọkọ̀ orí yìnyín tí ajá ń fà. Ọmọ Etiópíà lórí yìnyín! Ní Munich ní 1972, gbogbo èrò dìde fún un.

Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá 1973, ẹni ọdún 41. Ọba fúnra rẹ̀ lọ síbi ìsìnkú. Pápá ìṣeré kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Addis Ababa.