Walter Clement Noel: Dókítà eyín tí wọ́n kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ bíi dòjé lára rẹ̀

Nínú gbogbo àwọn tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti bá fínra láyé, bóyá ni ẹnì kan wà tí orúkọ rẹ̀ wọ ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn tó ti Walter Clement Noel. Ohun tó sì yani lẹ́nu ni pé kì í ṣe ọmọ jòjòló tó kú sọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ti kọ́kọ́ rí àmì àrùn náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kàwé, tó sì kà á yege, ni.

Ọdún 1884 ni wọ́n bí i ní Grenada, erékùṣù kékeré kan lójú òkun Kàríbíánì tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ìdílé aláwọ̀ dúdú tó rí jájẹ, tó ní oko ńlá, ló ti jáde. Lọ́dún 1904, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà láti kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú eyín nílùú Chicago. Lójú ọ̀nà ni egbò ti yọ sí i ní ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti tọ́jú alárùn yìí rí yóò mọ irú egbò bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Kí ọdún náà tó parí, àìsàn gbé e dé ilé ìwòsàn Presbyterian ní Chicago. Ó ń wúkọ́, ibà sì dá a dùbúlẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan, Ernest Irons, yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì rí i pé dípò kí wọ́n rí róbótó, àwọn kan gùn gbọọrọ, àwọn mìíràn tẹ̀ bíi dòjé. Ó fi han ọ̀gá rẹ̀, James Herrick. Àwọn méjèèjì kò mọ ohun tó fà á. Ìsinmi, oúnjẹ gidi àti oògùn olómi tó ní èròjà irin ni wọ́n fún un. Lọ́dún 1910, Herrick kọ ìwé nípa ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n kò dárúkọ aláìsàn náà.

Nílé wa níbí, wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́, tó ń rìn, tó ń yan, kò lè ní àrùn yìí. Irọ́ ni. Ó sábà máa ń le lára ẹni tó jẹ́ SS ju ẹni tó jẹ́ SC lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú àti eegun ìbàdí SC náà kò bọ́ lọ́wọ́ ewu. Kódà ọmọ ìyá méjì lè jẹ́ SS, kí ọ̀kan máa wọ ilé ìwòsàn lemọ́lemọ́, kí èkejì máa bá ẹgbẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Lára ohun tó ń fa ìyàtọ̀ ni hìmóglóbìn tí ọmọ ń lò nínú oyún: ẹni tí èyí bá ṣẹ́kù púpọ̀ sí lára, ìrora rẹ̀ máa ń dínkù. Nígbà ayé Noel, kò sí àyẹ̀wò tó lè sọ bóyá SS ni tàbí SC. Ọdún 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi hàn pé hìmóglóbìn gan-an ló yàtọ̀.

Léraléra ni àìsàn náà ń padà wá, síbẹ̀ Noel bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gboyè lọ́dún 1907. Ó padà sí Grenada, ó sì ń tọ́jú eyín àwọn èèyàn nílùú St. George's fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Òtútù àyà ló pa á lọ́dún 1916, lẹ́ni ọdún 32. Sauteurs, ní àríwá erékùṣù náà, ni wọ́n sin ín sí. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Verne Mason tó fún àrùn náà ní orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é títí dòní.