Okigbo, akéwì Igbo tó sunkún nítorí Awólọ́wọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo mọ ìbéèrè táwọn kan máa bi mí lónìí. Wọ́n á ní ṣé akéwì ti tán nílẹ̀ Yorùbá ni, tí mo fi lọ mú ọmọ Igbo wá sójú ewé tiwa. Kò tán o. Ọbasá wà ní Ìbàdàn láyé àtijọ́, Ṣóbọ̀ Aróbíodu wà ní Ẹ̀gbá, ọjọ́ tiwọn náà ń bọ̀ níbí. Ṣùgbọ́n Christopher Okigbo tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, àárín wa ló ti di akéwì, ọ̀rọ̀ wa sì pa á lẹ́kún kí ogun tó gbé e lọ. Bí a ò bá sọ ọ́ fáwọn ọmọ tá a ń tọ́ ní Texas yìí, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n máa gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni wọ́n bí i ní Ojoto, ìlú kan tí kò jìnnà sí Onitsha. Tíṣà ni James, bàbá rẹ̀, nílé-ìwé ìjọ Àgùdà, ibi tí ìjọ bá rán an lọ ni gbogbo ilé ń bá a lọ. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Pius Okigbo, di onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Christopher fúnra rẹ̀, ohun táwọn ẹbí gbà ni pé bàbá ìyá rẹ̀ ló padà wáyé, bàbá yẹn sì ni àwòrò Idoto, òrìṣà odò wọn. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, Babátúndé ni wọn ì bá sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní ṣàlàyé fún wa. Ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ní katikísìmù láàárọ̀, tí àwọn àgbà sì ń wò bí àwòrò tó padà dé, ẹ ò rí i pé ẹrù wà lọ́rùn irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ó lọ sí Government College ní Umuahia, ó sì gba ibẹ̀ bọ́ sí Yunifásítì Ìbàdàn. Iṣẹ́ dókítà ló bá wá, àmọ́ kò pẹ́ tó fi yà sí ìmọ̀ èdè Látìn àti Gíríìkì. Ó jáde ní 1956. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tábà, ó ṣiṣẹ́ ní UAC, ó ṣe akọ̀wé fún mínísítà ìjọba àpapọ̀ kan ní Èkó. Ká sọ tòótọ́, ìdí rẹ̀ kò lè jókòó sójú kan.

Fìdítì ló mú un jókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ rí mọ Fìdítì dáadáa, ibi táwọn ìyá wa ti máa ń to ọsàn sẹ́bàá títì. Ní Fìdítì Grammar School, láti 1958 sí 1960, ni ọmọ Ojoto yìí ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní èdè Látìn. Ibẹ̀ ló wà lópin 1958 tó fi mọ̀ pé kò sí nǹkan mìíràn tóun lè dà láyé yìí àfi akéwì. Kì í ṣe ìlú rẹ̀, kì í ṣe London, Fìdítì ni. Mi ò tíì rí ẹni tó ń fọ́nnu pẹ̀lú ẹ̀ lára àwọn ará Ọ̀yọ́ tó wà ní Houston, ó sì yẹ kí wọ́n máa fọ́nnu.

Ó lọ ṣiṣẹ́ díẹ̀ nínú ilé ìkàwé yunifásítì Nsukka, ó tún padà sí Ìbàdàn ní 1962 gẹ́gẹ́ bí aṣojú Cambridge University Press fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ilé rẹ̀ di ojúkò àwọn òǹkọ̀wé. Òun, Wọlé Ṣóyínká, J. P. Clark àti Ulli Beier wà lára àwọn tó wà nídìí ẹgbẹ́ Mbari, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961. Mbari yìí náà ló tẹ ìwé ewì rẹ̀ Heavensgate jáde ní 1962, ó tún tẹ Limits ní 1964. Nínú Heavensgate, ó padà lọ bá Idoto bí ọmọ tó ti rìn jìnnà kó tó rántí ilé. Ọmọbìnrin Attah ilẹ̀ Ẹbira ló fẹ́, Ọlọ́run sì fi ọmọbìnrin kan ta wọ́n lọ́rẹ.

Ẹ jẹ́ kí n má tàn yín, ewì rẹ̀ le. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ẹlòmíràn á kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó rí nǹkan mú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ oríkì dáadáa, ara rẹ̀ á tètè mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan lọ. Nígbà tí Ìbàdàn ń ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí Yeats, akéwì ilẹ̀ Ireland, ní 1965, ìlànà oríkì Yorùbá ni Okigbo fi kì í. Ọmọ Igbo ló ń ki òyìnbó ní ìlànà tiwa.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ẹ rántí bí ilẹ̀ wa ṣe dàrú ní 1962. Wọ́n jà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ kéde ìlú-ò-fararọ, wọ́n mú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní oṣù keje 1963, nígbà tí bàbá ṣì wà ní àhámọ́, ọkọ̀ pa Ṣẹ́gun, àkọ́bí wọn ọkùnrin, lọ́nà Ìbàdàn sí Èkó. Lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n rán bàbá lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Okigbo wà láàárín wa, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ó kọ ewì arò méjì, ó pè wọ́n ní Silences lápapọ̀. Ó sọ fúnra rẹ̀ pé rògbòdìyàn Ìwọ̀ Oòrùn àti ikú Patrice Lumumba ti Congo ló mú òun kọ ti àkọ́kọ́, Lament of the Silent Sisters. Èkejì ni Lament of the Drums. Ẹ̀wọ̀n Awólọ́wọ̀ àti ikú ọmọ rẹ̀ ló fa ìyẹn.

Mo jókòó níbi àríyá kan níbí rí, táwọn bàbá méjì, Igbo kan àti Yorùbá kan, jọ ń jẹ ìrẹsì nínú abọ́ kan. Ọ̀rọ̀ ogun dé, wọ́n dárúkọ Awólọ́wọ̀, abọ́ ìrẹsì di abọ́ ìjà. Ìyà tó jẹ Igbo nígbà ogun kì í ṣe kékeré, Awólọ́wọ̀ sì ni kọmíṣánnà ètò ìnáwó ìjọba Gowon nígbà náà, èyí tí Igbo ò gbàgbé. Èmi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù, tí wọ́n dúró lẹ́yìn àga, tí wọ́n ń gbọ́ pé àtayébáyé ni wọ́n ti kórìíra ara wọn. Irọ́ ni. Okigbo ni ẹlẹ́rìí.

Ó ti ń gbọ́ ìró ogun kó tó dé. Láti òpin 1965 dé àárín 1966 ló kọ àwọn ewì Path of Thunder, tó pè ní ewì àsọtẹ́lẹ̀ ogun. Ní 1966 kan náà, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ewì níbi àjọ̀dún ńlá tí wọ́n ṣe ní Dakar fún iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó kọ̀ ọ́. Ó ní ewì ni ewì, kò ní àwọ̀. Àwọn ológun gbàjọba ní oṣù kìíní, wọ́n tún yí i padà ní oṣù keje, èyí tí wọ́n pa Fájuyì pẹ̀lú Ironsi, àlejò rẹ̀, ní Ìbàdàn. Wọ́n pa Igbo ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ilẹ̀ Hausa. Okigbo fi Ìbàdàn sílẹ̀, ó lọ sí Enugu. Òun àti Chinua Achebe dá ilé ìtẹ̀wé kan sílẹ̀ níbẹ̀, Citadel Press, wọ́n fẹ́ máa tẹ ìwé ọmọdé. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje 1967. Ọkùnrin tí wọn ò kọ́ ní iṣẹ́ ṣọ́jà rí wọ aṣọ ológun Biafra, wọ́n fi í ṣe méjọ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, wọ́n ti pa á ní agbègbè Nsukka. Kò tíì pé ogójì ọdún.

Achebe ń wakọ̀ láti Enugu lọ sí Ogidi, ìlú rẹ̀, ló gbọ́ ikú náà lórí rédíò. Ó ní láti ya ọkọ̀ sẹ́bàá títì. Nígbà tó délé tó sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ kékeré pariwo pé kí bàbá òun má jẹ́ kó kú. Igbe yẹn ni wọ́n fi sọ ìwé ìrántí tí Achebe àti Dubem Okafor ṣe fún un ní 1978.

Ali Mazrui, ọmọ Kenya, kọ ìtàn àròsọ kan ní 1971 níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹjọ́ Okigbo ní àjùlé ọ̀run. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó fi ẹ̀yà rẹ̀ ṣáájú ewì. Èmi ò bá wọn dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pa èèyàn rẹ̀ bí ẹran, ta ló fẹ́ ní kó jókòó kó máa to ọ̀rọ̀? Síbẹ̀, bí mo bá rántí pé orí yẹn ni ìbọn gbà lọ, ó máa ń dùn mí dé egungun, kò sì sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ogun náà tó jèrè ikú rẹ̀.

Ní Pasadena wa níbí, ilé-ìwé máa ń kó àwọn ọmọ lọ wo òpó ìrántí San Jacinto, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 567, nítorí àwọn tó jà fún Texas ní 1836. Agbègbè wa yìí náà ni wọ́n ti mú Santa Anna, ọ̀gágun Mexico, ní ọjọ́ kejì ìjà náà. Àwọn ọmọ wa mọ ìtàn yẹn bí ẹní mọ owó. Okigbo kò ní irú òpó bẹ́ẹ̀, bébà ló ní. UNESCO kọ àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun ìrántí àgbáyé ní 2007. Ilé ìtẹ̀wé Heinemann sì kó àwọn ewì rẹ̀ jọ ní 1971, wọ́n pè é ní Labyrinths. Ogun ti jà, ó ti parí, Awólọ́wọ̀ ti bá ìjọba tí Okigbo kọjú ìjà sí ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Okigbo fúnra rẹ̀ kọ sínú ìwé náà, orúkọ Awólọ́wọ̀ àti ọ̀rọ̀ ọmọ tó kú wà níbẹ̀ títí dòní.