Adéoyè Lambo, dókítà tó sọ abúlé di ilé ìwòsàn

Ẹ̀yin ará wa ní Atakpamé àti agbègbè rẹ̀, tí tramadol tàbí igbó bá ti gba orí ọmọ, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà nílé: níbo la máa gbé e lọ? Àwọn kan á gbé e lọ sí àgọ́ àdúrà, àwọn mìíràn á fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ọmọ Yorùbá kan ti wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí, nígbà tí kò tíì sí tramadol lọ́jà rárá.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Thomas Adéoyè Lambo, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1923. Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó sì lọ kọ́ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ní London. Ní 1954, ó di olórí ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, àmọ́ wọn ò tíì kọ́ ilé náà tán. Ẹlòmíràn ì bá jókòó kó máa retí bẹ́ẹ̀dì. Lambo lọ bá àwọn ará abúlé tó yí Arò ká pé kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn.

Kò sí pé ẹbí ń já aláìsàn sílẹ̀ kí wọ́n sì máa lọ. Ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ bá a dúró, kó dáná fún un, kó fọ aṣọ rẹ̀, kó mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, kí wọ́n sì jọ padà sí abúlé lọ́sàn-án. Ilé ìwòsàn yá àwọn onílé lówó láti tún ilé ṣe, ó fún wọn ní omi ẹ̀rọ àti ṣáláńgá. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọgbọ́n rẹ̀ wà jù: ará abúlé rí owó háyà, kò wá sá fún aláìsàn mọ́. Lambo tún mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọnú iṣẹ́ náà, ohun tí dókítà ìgbà yẹn kì í ṣe.

Ní 1961, ó pe àwọn dókítà ọpọlọ jákèjádò Áfíríkà jọ sí Abẹ́òkúta. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn ní 1963, ó sì darí yunifásítì náà láti 1968 sí 1971. Ní 1965, ìwé ìròyìn àjọ UN lórí oògùn olóró gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde nípa bí oògùn olóró ṣe ń ba ìlera àti àwùjọ jẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti 1973 sí 1988, òun ni igbákejì olórí àjọ ìlera àgbáyé, WHO.

Ní tiwa ní Togo, Zébé ní Aného, létí òkun, ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà. Ìyá tó ń tajà l'Atakpamé mọ ohun tí ọkọ̀ lọ-bọ̀ ń náni.

Lambo kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2004, ó ku ọjọ́ 16 kó pé ẹni ọdún 81. Arò ṣì ń ṣiṣẹ́, ó sì ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti wọ̀ lẹ́jẹ̀.