Richard McCoy, akọni ojú ogun tó já bàálù gbà: ṣé òun náà ni Dan Cooper?

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 1974 ni ọlọ́jọ́ dé bá Richard Floyd McCoy ní ìlú Virginia Beach, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ti lúgọ dè é nínú ilé tó fara pa mọ́ sí. Wọ́n ní bó ti wọlé tó rí wọn ló yìnbọn, ìbọn ni wọ́n sì fi dá a lóhùn. Ọmọ ọdún 31 péré ni lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń bi ara wọn bóyá ọkùnrin yìí gbé àṣírí ńlá kan wọ ibojì lọ.

Ìpínlẹ̀ North Carolina ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ keje, oṣù kejìlá, ọdún 1942. Nígbà tó dàgbà, ó wọ Yunifásítì Brigham Young, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Mormon tó wà ní ìlú Provo, ní ìpínlẹ̀ Utah. Ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láàárín, ó wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì rán an lọ sójú ogun Vietnam. Ibẹ̀ ló ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ àdó olóró àti wíwa hẹlikópítà, ìjọba sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ nítorí ìgboyà rẹ̀.

Nígbà tó padà dé, ó tún kọrí sí yunifásítì, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ agbófinró ló sì ń kọ́. Ó ti láya, ó ti bímọ méjì. Ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ rẹ̀. Lára àwọn ọmọ ogun abẹ́lé ìpínlẹ̀ Utah ló wà, hẹlikópítà ló sì ń wà fún wọn. Bí ó bá ráyè, a máa fi párásúùtì fò sílẹ̀ láti ojú òfurufú bí ẹní ń ṣeré. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ta ni yóò fojú olè wo irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1971, ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Dan Cooper wọ bàálù Northwest Orient ní ìlú Portland, ó ń lọ sí Seattle. Ó wọ kóòtù, ó so táì dúdú. Kò pẹ́ tí wọ́n gbéra ló fún òṣìṣẹ́bìnrin inú bàálù ní ìwé pélébé kan pé àdó olóró wà nínú àpò òun. Owó tó béèrè jẹ́ 200,000 dọ́là pẹ̀lú párásúùtì mẹ́rin. Wọ́n kó o fún un ní Seattle, ó sì jẹ́ kí àwọn èrò mẹ́rìndínlógójì sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí bàálù tún gbéra, ó ṣí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì bẹ́ sínú òkùnkùn àti òjò. Kò sẹ́ni tó tún fojú kàn án mọ́ títí dòní. Àṣìṣe oníròyìn ló sọ orúkọ rẹ̀ di D. B. Cooper.

Oṣù márùn-ún kò tíì pé tí ẹlòmíràn fi dá irú rẹ̀. Ní ọjọ́ keje, oṣù kẹrin, ọdún 1972, ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní James Johnson wọ bàálù United ní Denver, irú Boeing 727 kan náà. Ìdajì mílíọ̀nù dọ́là àti párásúùtì mẹ́rin ni tirẹ̀. Wọ́n kó o fún un ní San Francisco, ó sì bẹ́ jáde nítòsí Provo. McCoy ni. Lẹ́yìn náà ni àṣírí tú pé ìbọn rẹ̀ kò ní ọta nínú, ohun tó sì jọ àdó olóró lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ lórí tábìlì ni.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan rántí pé ó ti ṣàlàyé rí bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe rọrùn tó, ó sì ta àwọn agbófinró lólobó. Wọ́n fi ìwé tó fọwọ́ kọ àti òǹtẹ̀ ìka rẹ̀ wé àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ológun, wọ́n bára mu. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tó ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n mú un, wọ́n sì bá 499,970 dọ́là nílé rẹ̀. Ọgbọ̀n dọ́là péré ló dín. Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 45.

Ẹ̀wọ̀n Lewisburg ní Pennsylvania ni wọ́n gbé e lọ, ṣùgbọ́n kò gba kádàrá. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 1974, ó fi ohun èlò àwọn oníṣègùn eyín mọ ayédèrú ìbọn, òun àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n mìíràn gba ọkọ̀ akólẹ̀, wọ́n sì fi já géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ikú pa á ní Virginia Beach.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ni Cooper. Ní ọdún 1991, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ti bójú tó ẹjọ́ McCoy àti ọ̀gá FBI kan tó ti fẹ̀yìn tì fi odidi ìwé kan sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n FBI kò gbà. Àwọn tó rí Cooper sọ pé ẹni tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún ni, McCoy kò sì tíì pé 29 nígbà náà. Ẹ̀rí tún wà pé ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀ ní Utah ló ti jẹun ọdún ìdúpẹ́ ní ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Àwọn mìíràn sì gbà pé Cooper kò là á já rárá. Ní ọdún 1980, ọmọdékùnrin kan hú 5,800 dọ́là nínú owó náà jáde nínú iyanrìn etí odò Columbia.

FBI dáwọ́ ìwádìí dúró ní ọdún 2016. Síbẹ̀, ní ọdún 2024, ìròyìn jáde pé àwọn ọmọ McCoy méjèèjì ti sọ pé bàbá àwọn ni, àti pé FBI ti gba párásúùtì kan tí wọ́n bá nínú ẹrù ẹbí náà láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí McCoy bá jẹ́ Cooper, a jẹ́ pé ó ti bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ojúkòkòrò ló sì mú un padà. Bí kò bá jẹ́ òun, a jẹ́ pé ìwà ẹni tí kò mọ̀ rí ló kọ́, tó sì fi ba ayé ara rẹ̀ jẹ́. Ọ̀nà yòówù tí ọ̀rọ̀ náà lè gbà, ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.