Soichiro Honda

Soichiro Honda (tí a bí ní ọjọ́ 17 oṣù Bélú ọdún 1906, tí ó sì kú ní ọjọ́ 5 oṣù Ògún ọdún 1991) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ àti oníṣòwò ọmọ orílẹ̀-èdè Jàpáànì. Òun ni ó dá ilé-iṣẹ́ Honda sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe alùpùpù fún mẹ̀kúnnù tí ó sì tún ṣe é fún àwọn asáré ìje.

Ìgbà èwe àti iṣẹ́ kíkọ́

Wọ́n bí Honda ní abúlé Komyo, lẹ́bàá ìlú Hamamatsu. Alágbẹ̀dẹ tí ó tún ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni Gihei bàbá rẹ̀; Mika ìyá rẹ̀ a máa hun aṣọ. Kò kàwé púpọ̀. Ní ọdún 1922, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó lọ sí Tokyo láti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Art Shokai. Títọ́jú ọmọ ọ̀gá ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un, ohun tí kò ní ṣàjèjì sí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kankan ní Ṣómólú. Ní 1928, ó padà sí Hamamatsu láti ṣí ẹ̀ka Art Shokai níbẹ̀.

Ní 1937, ó dá ilé-iṣẹ́ Tokai Seiki sílẹ̀ láti máa ṣe ríìngì písítìn. Nínú ríìngì 50 tí Toyota yẹ̀ wò, mẹ́ta péré ni ó yege. Honda kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó lọ jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó ń kọ́ nípa irin, títí ríìngì rẹ̀ fi dára. Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Bọ́ǹbù ba ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ ní 1944, ìmìtìtì ilẹ̀ sì wó èkejì ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1945. Ó ta èyí tí ó kù fún Toyota.

Alùpùpù àti iye sìlíńdà

Lẹ́yìn ogun, ọkọ̀ wíwọ̀ di ìṣòro fún àwọn ará Jàpáànì. Ní 1946, Honda rí àwọn ẹ́ńjìnì kékeré tí àwọn ológun fi ń fún rédíò wọn níná, ó sì so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 1948, ó dá ilé-iṣẹ́ Honda sílẹ̀. Ọdún kejì rẹ̀ ni Takeo Fujisawa dara pọ̀ mọ́ ọn, tí ó gba ètò owó àti ọjà títà sọ́wọ́. Láìsí ọkùnrin yìí, ó ṣeé ṣe kí gbèsè ti gbé ilé-iṣẹ́ náà mì.

Honda kọ́kọ́ kópa nínú ìdíje TT ti Erékùṣù Man ní 1959. Nígbà tí ó di 1961, Mike Hailwood ti gba ipò kìíní lórí alùpùpù Honda ní ìsọ̀rí 125 àti 250. Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ náà gbà ni pé ó ń pín ẹ́ńjìnì kan sí sìlíńdà púpọ̀. Bí sìlíńdà bá ti pọ̀ sí i nínú ẹ́ńjìnì tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà, písítìn kọ̀ọ̀kan á kéré, á fúyẹ́, á sì lè máa lọ máa bọ̀ kíákíá láìfọ́. Ibẹ̀ ni agbára ti ń wá. Àmọ́ ẹ́ńjìnì á fẹ̀, á wúwo, owó rẹ̀ á sì ga. RC166 ti ọdún 1966 ní sìlíńdà mẹ́fà nínú ẹ́ńjìnì 250 péré, nǹkan bíi 41 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lè yí tó ìgbà 18,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Hailwood fi gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1966 àti 1967.

Ní 1969, wọ́n gbé CB750 jáde fún àwọn ará ìlú: sìlíńdà mẹ́rin tí wọ́n tò ní ìbú, bíréèkì disc níwájú, àti eré tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 200 ní wákàtí kan. Àwọn alùpùpù onísìlíńdà méjì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè bá a dọ́gba.

Àríyànjiyàn lórí omi àti afẹ́fẹ́

Honda gbà pé afẹ́fẹ́ nìkan ni ó yẹ kí ó máa mú ẹ́ńjìnì tutù, kódà ti ọkọ̀ ìje. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1968, Jo Schlesser kú nínú ọkọ̀ RA302, tí afẹ́fẹ́ ń mú tutù, ní Rouen ní ilẹ̀ Fránsì. John Surtees ti kọ̀ láti wa ọkọ̀ náà. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ náà ń bẹ̀bẹ̀ fún omi, ọ̀gá kò gbà. Fujisawa ni ó bi í léèrè bóyá ààrẹ ilé-iṣẹ́ ni ó fẹ́ jẹ́ tàbí onímọ̀ ẹ̀rọ. Honda yan ipò ààrẹ, ó sì fàyè gba omi. Àwọn méjèèjì fẹ̀yìntì ní 1973.

Ní Nàìjíríà

Wọ́n dá ẹ̀ka Honda ti Nàìjíríà sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní 1979. Alùpùpù CG125 ni ó sún mọ́ ìgbésí ayé àwọn ará Èkó jù. Onísìlíńdà kan ni. Dípò ṣéènì inú ẹ́ńjìnì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń ti fáàfù rẹ̀, kí ó lè fara da àìpààrọ̀ ọ́ìlì àti àtúnṣe ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà ṣe àwòkọ ẹ́ńjìnì yìí lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn ọlọ́kadà sì fi irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ gbé èrò kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2022, òfin ìpínlẹ̀ Èkó tí ó de ọ̀kadà dé ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, pẹ̀lú Bàrígà.